A Padà sí Ilé Tí A Gbé ní Peckham

  Láti ìpàdé tó kọjá ni olóòtú wa ti ń dà wá láàmú pé kí á kọ nǹkan nípa ibi tí a kọ́kọ́ dé sí ní ìlú yìí, kí àwọn ọmọ tí a bí síbí lè mọ̀ pé kì í ṣe inú ilé tí wọ́n bá wa yìí ni a bọ́ sí láti inú ọkọ̀ òfuurufú. A kàn ń sọ pé "ó dáa, ó dáa" ni. Nígbà tó wá di Sátidé kan nínú oṣù Kẹsàn-án, àwa mẹ́ta tí a jọ jáde ní Yunifásítì Ifẹ̀ ní 1991 pàdé ní sítéṣọ̀n Peckham Rye, ní gúúsù London. Ọ̀kan ti Manchester wá, ọ̀kan ti Milton Keynes wá, ẹni kẹta wa kò jìnnà, Lewisham ló ń gbé. A ní kí á lọ fi ojú rí ilé náà.

Sítéṣọ̀n yẹn ti yí padà. Ní ìparí ọdún 2012 ni wọ́n mú Overground dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n títí di òní rélùwéè abẹ́ ilẹ̀ kò dé Peckham. Nígbà tiwa, bọ́ọ̀sì 36 àti 12 la gbójú lé, irú èyí tí kò ní ilẹ̀kùn lẹ́yìn, tí kọ̀ndọ́kítọ̀ máa ń dúró sí. Ẹ ó sáré lé e, ẹ ó di irin mú, ẹ ó fò sókè. Ọdún 2004 sí 2005 ni wọ́n kó irú bọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà méjèèjì. Bí a bá ní kí á fò ó báyìí, orúnkún á sọ̀rọ̀.

Bí ẹ bá ti bọ́ sí Rye Lane, imú ló máa kọ́kọ́ sọ ibi tí ẹ wà fún yín. Ẹja gbígbẹ, panla, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ata rodo nínú abọ́, iṣu tí wọ́n tò sílẹ̀ bí igi ìdáná. Àwọn alápatà tí kì í ṣe ọmọ Yorùbá rárá ń pe àwọn ìyá wa pé "Mummy, ṣàkì wà, pọ̀nmọ́ wà!" Ọ̀kan nínú wa dúró ná ẹja títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìjà, lẹ́yìn náà kò rà á. A ní ṣé nítorí èyí lo ṣe ti Manchester wá? Ó ní ọ̀fun òun kàn fẹ́ nà á ni.

Ní òpin títì náà la ti rí ilé ìkàwé ńlá tí wọ́n ṣí ní ọdún 2000, èyí tó gba ẹ̀bùn Stirling fún ẹwà ilé kíkọ́ lọ́dún náà gan-an. Òkè rẹ̀ yọ síwájú bí ẹni tó fẹ́ ṣubú, ó sì fi òpó tín-ín-rín ti ara rẹ̀ dúró. Kò sí nígbà tí a dé. Ẹ̀yìn ibẹ̀ ni àwọn ilé olókè North Peckham wà, tí wọ́n ti wó èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. A dákẹ́ díẹ̀ níbẹ̀ nítorí Damilola Taylor, ọmọ ọdún 10, tí a pàdánù ní oṣù Kọkànlá ọdún 2000, tí kò tíì pé oṣù mẹ́rin tó ti Nàìjíríà dé. Àwọn tó ti wà nílùú yìí nígbà náà kò lè gbàgbé.

A ò ní dárúkọ òpópónà tiwa, nítorí àwọn èèyàn ń gbé ilé náà lónìí. Ọdún 1994 la dé ibẹ̀, lẹ́yìn rúkèrúdò Okúdù 12 ọdún 1993, nígbà tí gbogbo ẹni tó bá ti rí físà gbà kò bojú wẹ̀yìn. Yàrá mẹ́rin ló wà níbẹ̀, tí a bá ka pálọ̀ tí onílé ti sọ di yàrá mọ́ ọn. Kíṣìnì kan, báàfù kan, fíríìjì kan. Pọ́n-ùn 45 lọ́sẹ̀ lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, 180 lọ́sẹ̀ fún gbogbo wa, 780 lóṣù. Onílé ní òun ò fẹ́ ìwé mẹ́rin, ìwé kan ṣoṣo ni àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fọwọ́ sí. Kò sí ẹni tó kà á tán nínú wa. Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ ìṣirò owó nínú wa, tí òun náà ló di bírò yìí mú, ibi tí iye owó wà nìkan ló wò bóyá ó péye.

Ẹni kẹrin ni Ẹ̀gbọ́n Òkè. Àwa la sọ wọ́n bẹ́ẹ̀, nítorí yàrá òkè tó kọjú sí títì ni tiwọn. Wọ́n fi bí ọdún mẹ́wàá jù wá lọ. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n, tíṣà sì ni wọ́n nílé kó tó di pé wọ́n wá ń nu ọ́fíìsì lóru láàárín ìgboro London. Bí a bá ń jáde ní aago méje àárọ̀, àwọn ń wọlé bọ̀. "Ẹ káàárọ̀, Ẹ̀gbọ́n." "Ẹ ò jí bí?" Ó parí. Ojú ọ̀sán, àwọn nìkan ló nilé.

Ẹ má bínú o, a ò ní purọ́ mọ́ wọn, a ò sì ní bò wọ́n. Wọ́n ṣòro ó bá gbé. Mílíkì tí a rà lálẹ́, tó bá di àárọ̀, èyí tó kù nínú rẹ̀ kò lè yí àwọ̀ tíì padà. Àwo tí wọ́n fi jẹ ẹ̀bà á gbẹ mọ́ inú síńkì bíi símẹ́ńtì. Lóru tí wọn ò bá lọ síbi iṣẹ́, aago méjì ni wọ́n máa ń dín ẹja, èéfín á gba àtẹ̀gùn wá bá wa lórí bẹ́ẹ̀dì. Bí ọ̀kan nínú wa bá wá fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, nípa ti mílíkì yẹn...", wọ́n á wò ó láti orí dé ẹsẹ̀: "Ìwọ! Nítorí mílíkì lo ṣe ń pè mí ní kíṣìnì?" Ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn. Òyìnbó lè pe ẹni tí wọ́n jọ ń gbé jókòó, kó ka ẹ̀sùn sí i lẹ́sẹẹsẹ. Ẹni tó fi ọdún mẹ́wàá jù ọ́ lọ ńkọ́? O ò lè na ìka sí i. A ì bá rán àgbà sí wọn, ṣùgbọ́n ta ni àgbà tí a mọ̀ ní Peckham lọ́dún náà? Àwọn gan-an làgbà.

Ní oṣù Kìíní ọdún 1996 ni lẹ́tà onílé dé. Wọ́n ní a jẹ gbèsè pọ́n-ùn 585. Ẹ̀gbọ́n Òkè kò tíì san owó oṣù mẹ́ta. A fi fóònù pe onílé, a ní àwa ti san tiwa. Ó dáhùn wẹ́rẹ́ pé òun ò mọ tìwọ ò mọ tèmi, ìwé kan lòun mọ̀.

Ẹ jẹ́ ká dúró níbí díẹ̀, nítorí àwọn ọmọ wa tó ń bọ̀ wá kàwé àti àwọn tó wá ṣiṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó, tí wọ́n tún ń há mọ́ra nínú ilé kan bíi tiwa. Onílé yẹn kò jayé. Bí ẹ bá jọ fọwọ́ sí ìwé kan ṣoṣo, gbogbo yín lẹ jọ jẹ gbogbo owó náà. Bí ẹnì kan kò bá san, wọ́n lè di ẹnikẹ́ni mú nínú ẹ̀yin tó kù. Bó bá ṣeé ṣe, kí kálukú gba ìwé tirẹ̀ fún yàrá tirẹ̀. Àwọn nǹkan tí kò sí láyé tiwa wà báyìí: láti ọdún 2007, onílé ní England gbọ́dọ̀ fi owó ìdúró yín pamọ́ sọ́dọ̀ ètò tí ìjọba fọwọ́ sí, ọgbọ̀n ọjọ́ ni òfin fún un láti ṣe bẹ́ẹ̀. Láti 2019, fún rẹ́ǹtì irú tiwa, kò gbọ́dọ̀ gbà ju owó ọ̀sẹ̀ márùn-ún lọ. Láti 2018 sì ni ilé tí èèyàn márùn-ún tí kì í ṣe ẹbí kan náà bá ń gbé ti gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ láti káńsù. Bí ọ̀rọ̀ bá dojú rú, ọ̀fẹ́ ni ìmọ̀ràn ní Citizens Advice. A ò mọ ìkankan nínú irú nǹkan báyìí. A san 585 náà. Ó kan pọ́n-ùn 195 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, odindi owó oṣù kan mìíràn.

Inú bí wa gan-an. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn ni bíìlì fóònù tún wọlé, pọ́n-ùn 212, èyí tó jẹ́ 163 nínú rẹ̀ sì jẹ́ ti nọ́ńbà kan ṣoṣo ní Ìjẹ̀bú-Òde. A kò bi wọ́n. Orúkọ aṣirò-owó wa ló wà lórí láìnì náà, òun ló pe ilé-iṣẹ́ fóònù pé kí wọ́n ti ìpè òkè òkun pa. A kò sọ fún Ẹ̀gbọ́n.

Mítà iná tún wà. Abẹ́ àtẹ̀gùn ló wà, owó ẹyọ ló ń jẹ, àádọ́ta pẹ́ńsì ńlá ìgbà náà, kí wọ́n tó rọ kékeré ní 1997. Iná yẹn náà ló ń gbé hítà. Àwa tí a mọ ìṣirò ti mọ iye wákàtí tí ẹyọ kan ń lò. A bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó sí i ní ọ̀nà tí yóò fi tán bí a bá ti ń fa ilẹ̀kùn dé láàárọ̀. A kò jókòó ṣe ìpàdé lé e lórí, ṣùgbọ́n àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la mọ ohun tí à ń ṣe. Oṣù Kejì ni, yìnyín wà nílẹ̀.

Ní ọjọ́ kan, orí ń fọ́ ọ̀kan nínú wa, ó tètè padà láti ibi iṣẹ́. Ó bá Ẹ̀gbọ́n Òkè ní kíṣìnì, wọ́n wọ kóòtù, wọ́n dé fìlà, wọ́n tan ojú gáàsì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n na ọwọ́ sí i. (Kí ẹnikẹ́ni má dán an wò o. Gáàsì tó ń jó nínú yàrá tí a tì pa lè pani láìní òórùn.) Ó kí wọn. Wọn ò kọ́kọ́ dáhùn. Nígbà tó yá wọ́n ní, "Ìyá mi ti lọ." Ìyá náà ti wà ní ọsibítù láti oṣù Kọkànlá, ibẹ̀ ni owó ilé ń lọ. Nọ́ńbà tí wọ́n ń pè, ti aládùúgbò ni. Ọjọ́ kẹrin tí a ti fóònù pa ni ìyá kú, Ẹ̀gbọ́n kò sì gbọ́ títí ará ìlú wọn kan fi kí wọn kú ará fẹ́ra kù níwájú sítéṣọ̀n Liverpool Street.

Àbúrò ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tẹ́ ò sọ fún wa?"

"Ẹ̀yin ọmọ kékeré wọ̀nyí ni màá wá sọ fún pé mi ò lówó?"

Ọ̀sán ọjọ́ náà la ní kí wọ́n ṣí fóònù. A rọ owó sí mítà títí ó fi kọ̀ ọ́. A sè, a pe àwọn èèyàn díẹ̀ wá bá wọn kẹ́dùn. Ohun tí a ṣe gan-an, a ò jẹ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n san 300 nínú gbèsè náà, ọgọ́rùn-ún lẹ́ẹ̀mẹta. Mílíkì ṣì ń tán. Àwo ṣì ń gbẹ. Ní oṣù Karùn-ún, a ti ibi iṣẹ́ dé, a bá yàrá òkè lófìfo, wọ́n ti gbá a, gbogbo àwo kíṣìnì ló mọ́ tónítóní. Pọ́n-ùn 285 ló kù. Ó wà nínú ìwé ìṣirò wa di òní.

Ní 2004, a pàdé wọn níbi ìgbéyàwó kan ní Old Kent Road. A dọ̀bálẹ̀, wọ́n gbé wa dìde, wọ́n ní ṣé àwa náà ti ń gbọ́mọ jó. Láti ìgbà náà la ti ń pe ara wa. Wọ́n ti padà sí Ìjẹ̀bú-Òde láti 2015.

Nígbà tí a dé iwájú ilé náà, ọmọbìnrin kan jáde, ó bi wá ẹni tí à ń wá. A ṣàlàyé. Ó ní àwọn mẹ́rin ló ń gbé ibẹ̀. Owó yàrá kan ṣoṣo lóṣù ju 780 tí àwa mẹ́rin ń kó jọ nígbà náà. Aṣirò-owó wa ní kí ló dé. Lẹ́yìn tó lọ, a dúró sí òdìkejì títì, a fi WhatsApp pe Ẹ̀gbọ́n Òkè kí wọ́n lè fi ojú rí ilé. A ti jọ pinnu pé a ò ní kọ ìwé yìí láìjẹ́ pé a kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ fóònù fún wọn. A sọ ọ́. Ojú ń tì wá, ọkọ̀ ń kọjá, a ní láti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Wọ́n dákẹ́ títí a fi rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti já.

"Mo ti mọ̀," ni wọ́n wí. "Mo pè wọ́n láti fóònù ìta lọ́jọ́ kejì. Wọ́n ní ẹni tó ni láìnì ló ní kí àwọn tì í. Láti 1996 ni mo ti mọ̀. Owó tó kù yẹn, ẹ fi ra mílíkì."

A ò rí nǹkan sọ. Wọ́n ní kí á gbé fóònù sókè kí àwọn rí fèrèsé àwọn. A gbé e sókè. Ilẹ̀ ti ń ṣú díẹ̀díẹ̀, iná sì wà nínú yàrá náà.

"Hẹn-ẹ́n," ni Ẹ̀gbọ́n Òkè wí, "ta ló fowó sí mítà?"