Oríṣi Ìdàpọ̀ Mẹ́ta

Ní Hampton, ìlú tó wà ní gúúsù Atlanta, níbi tí wọ́n ti ń fi ọkọ̀ sáré ìje láti 1960, ìmọ̀ràn kan kì í wọ́n létí àlejò: kó dara pọ̀ mọ́ onílé. Ìmọ̀ràn rere ni. Àmọ́ ó kéré tán, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni Gẹ̀ẹ́sì mú láti inú Látìn fún irú ìdàpọ̀ yìí, ọ̀nà wọn kò sì pa pọ̀.

Ọmọ Nàìjíríà mọ “amalgamation” dáadáa. Orúkọ yẹn ni wọ́n fún iṣẹ́ tí Lugard, gómìnà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ṣe ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1914, nígbà tó so Àríwá mọ́ Gúúsù. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń yọ́ irin ni ọ̀rọ̀ náà ti wá: nínú Látìn ayé àtijọ́, “amalgama” ni mákúrì tí wọ́n lú mọ́ irin mìíràn. Àwọn awakùsà lo ọgbọ́n yìí ní Georgia níbí, ní agbègbè Dahlonega, tí èrò ya lọ nítorí góòlù láti 1829. Wọ́n á da mákúrì sí erùpẹ̀, mákúrì á gbá góòlù mọ́ra. Bí iná bá wá kàn án, mákúrì á fò lọ bí èéfín, góòlù nìkan ni yóò ṣẹ́ kù. Àpòpọ̀ tí iná lè tú ká ni wọ́n fi sọ ìdàpọ̀ Nàìjíríà lórúkọ, ogun abẹ́lé tó bẹ̀rẹ̀ ní 1967 sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tú u.

“Assimilation” wá láti ara “similis”, èyí tó jọra. Àwọn Faransé sọ ọ́ di ìlànà ìṣèjọba: kí ọmọ Áfíríkà jọ wọ́n ní èdè àti ní ìwà. Yorùbá Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́, tó bọ́ sábẹ́ àkóso Faransé, mọ̀ ọ́n lára, nítorí èdè Faransé ni ilé-ìwé ìjọba fi kọ́ ọmọ wọn, kì í ṣe èdè ìyá wọn.

Ẹ̀kẹta ni “integration”. “Integer” ni ohun tó pé, tí ẹnikẹ́ni kò bù lára rẹ̀. Atlanta mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹjọ 1961, akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú mẹ́sàn-án wọ ilé-ìwé girama mẹ́rin tó jẹ́ ti aláwọ̀ funfun nìkan tẹ́lẹ̀. Ohun tí wọ́n ń bá jà ni “segregation”, tó wá láti ara “grex”, agbo ẹran: kí a ya ẹnì kan kúrò nínú agbo.

Ẹ̀kẹta yìí, “integration”, ló yẹ àwa Yorùbá tó wà níbí. Nínú àdàlù tí ìyá wa ń sè, ẹ̀wà ń jẹ́ ẹ̀wà, àgbàdo ń jẹ́ àgbàdo, ìkòkò kan náà sì ni. Ọmọ tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì geere ní kíláàsì, tó tún ń kúnlẹ̀ kí ìyá àgbà rẹ̀ lórí fóònù, ó pé. Ẹ̀rù pé Yorùbá yóò ba Gẹ̀ẹ́sì ọmọ jẹ́ ti pa ọ̀pọ̀ òbí lẹ́nu mọ́, kò sì yẹ kó rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin òbí Hampton, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bá àwọn ọmọ sọ Yorùbá nílé, kí ẹ sì ní sùúrù kí wọ́n fi dá yín lóhùn.