Lázaro: Orúkọ Tí Kúbà Fún Olóde

Nínú gbogbo orúkọ ọkùnrin tí àwọn elédè Sípéènì ń sọ ọmọ, Lázaro ló wọ̀ mí lọ́kàn jù. Èdè Hébérù ni orírun rẹ̀, láti ara Eleasari, ìyẹn ni pé Ọlọ́run ti ṣèrànwọ́. Olúgbèmí tiwa náà kò jìnnà sí i.

Lásárù méjì ló wà nínú Bíbélì. Ọ̀kan ni ará Bẹ́tánì tí Jésù jí dìde. Èkejì ni alágbe ẹnu ọ̀nà olówó, èyí tí ajá ń lá egbò ara rẹ̀. Alágbe yìí ni ará ìlú rọ̀ mọ́ ní tiwọn. Láti ara orúkọ rẹ̀ ni wọ́n ti ń pe ilé tí wọ́n ń kó adẹ́tẹ̀ sí láyé àtijọ́ ní lazareto.

Àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Kúbà, àwọn tí wọ́n ń pè ní Lucumí, rí ère alágbe náà: ọ̀pá lábíyá méjì, egbò lára, ajá lẹ́sẹ̀. Ọbalúayé, òrìṣà ìgbóná, ni wọ́n rí. Babalú Ayé ni wọ́n ń pè é níbẹ̀ títí dòní. Bẹ́ẹ̀ nílé níbí, nígbà tí ìgbóná ń pa odindi agbo ilé, ta ló jẹ́ la ẹnu pe Ṣọ̀pọ̀ná? Olóde là ń wí, tàbí Ilẹ̀gbóná. Ní Kúbà, wọ́n ń fi orúkọ ẹni mímọ́ tó dúró fún un sọ ọmọ, wọ́n sì ń pè é sókè lójú títì. Ìgboyà yẹn wú mi lórí púpọ̀.

Ní ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá lọ́dọọdún, èrò a máa wọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì San Lázaro ní El Rincón, lẹ́bàá Havana, níbi tí ilé ìwòsàn adẹ́tẹ̀ wà. Ẹni tó jẹ́ ẹ̀jẹ́ nítorí àìsàn a wọ aṣọ àpò, a fi orúnkún rìn. Àwọn mìíràn a so òkúta mọ́ ẹsẹ̀, wọn a máa wọ́ ọ nílẹ̀.

Lázaro Ros, tó wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ eléré ìbílẹ̀ ìjọba Kúbà sílẹ̀ ní 1962, fi èdè Lucumí, ọmọ èdè wa, kọrin òrìṣà títí ó fi kú ní 2005. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣàkójọ orúkọ Yorùbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá àyè fún Lázaro nínú ìwé yín.