Inú Ń Run Ọmọ Ní Òwúrọ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́ ọmọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi ka ọ̀rọ̀ yìí dáadáa.

Ọmọ àbúrò mi ń gbé lọ́dọ̀ mi ní Kétu. Ó wà ní CM2, ó ń múra ìdánwò CEP, èyí tí ọmọ ń ṣe kí ó tó wọ kọ́lẹ́jì. Ní gbogbo òwúrọ̀ ilé-ìwé, inú a máa run ún. Kì í lè mu ògì. Bí ó bá di Sátidé, inú kò run ún mọ́, yóò máa gbá bọ́ọ̀lù kiri.

Àwọn ará ilé ní irọ́ ni ó ń pa, kí n nà án. Mo kọ̀. Mo kọ́kọ́ mú un lọ sí ilé ìwòsàn, nítorí ibà àti aràn lè mú inú ọmọ run. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọn kò rí àìsàn kankan.

Síbẹ̀ kì í ṣe irọ́. Nígbà tí ẹ̀rù bá ń ba ènìyàn, àyà rẹ̀ a máa lù kì-kì-kì, ọwọ́ rẹ̀ a tutù, inú rẹ̀ a máa yí. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: ta ni wọ́n pè sí ilé ẹjọ́ tí ó lè jẹun yó ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà? Àgbà lè sọ pé ẹ̀rù ń ba òun. Ọmọdé kò rí ọ̀rọ̀ sọ, ikùn rẹ̀ ni ó ń sọ ọ́. Ti ọmọ mìíràn, orí ni yóò máa fọ́ ọ, tàbí kí ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sórí ẹní.

N kò bi í níwájú ènìyàn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, àwa méjèèjì ń yín àgbàdo. Bí ọwọ́ bá ń ṣiṣẹ́, tí a kò tẹjú mọ́ ọmọ, ó rọrùn fún un láti sọ̀rọ̀. Mo ní: «Kí ni ó ń bà ọ́ lẹ́rù?» Ó dákẹ́ títí. Ó wá ní: «Ìyá, bí n kò bá yege, ṣé ẹ ó lé mi padà sí oko?»

Ẹnì kan ti fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣeré níwájú rẹ̀! Mo ní bí kò bá yege, yóò tún un ṣe ní ọdún tí ń bọ̀, ilé mi náà ni yóò sì máa gbé.

N kò jẹ́ kí ó jókòó sílé, nítorí ẹ̀rù tí a bá ń sá fún a máa pọ̀ sí i. Mo bá a rìn dé ilé-ìwé ní ọjọ́ mẹ́ta, mo sì bá olùkọ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Mo kọ́ ọ kí ó máa mí sínú pẹ̀lẹ́ títí yóò fi ka 4, kí ó sì mí jáde títí yóò fi ka 6. Inú ṣì ń run ún lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ó ń mu ògì rẹ̀, ó sì ń lọ.

Bí ó bá jẹ́ pé ẹnì kan ni ó ń lù ú tàbí tí ó ń halẹ̀ mọ́ ọn ní ilé-ìwé, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Ẹ̀yin àgbà ni kí ẹ lọ sọ ọ́, kì í ṣe ọmọ.

Bí ọ̀sẹ̀ bá sì ń gorí ọ̀sẹ̀ tí ọmọ kò jẹun, tí kò sùn, ẹ tún mú un padà sí ilé ìwòsàn. Ẹ sọ fún wọn pé ẹ̀rù ń bà á, kì í ṣe pé inú ń run ún nìkan.