A Ṣì Ń Kọ́ Ọ

Ọ̀rọ̀ kékeré kan wà lára fóònù mi tí kò jẹ́ kí ọkàn mi sinmi: «bẹ́tà». Lẹ́tà wínníwínní ni wọ́n fi kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ bọ́tìnì tuntun, bí ẹni pé ẹni tó kọ ọ́ kò fẹ́ ká rí i, kò sì fẹ́ ká lè sọ lẹ́yìn ọ̀la pé a kò rí i.

Àwọn tó ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà a máa sọ pé ìpele ni iṣẹ́ wọn ń gùn: alfa ni èyí tí àwọn fúnra wọn ń dán wò láàárín ara wọn, tí ohun gbogbo lè wó lójijì láìsí ẹni tí yóò pariwo, bẹ́tà ni èyí tí wọ́n gbé síta fún ará òde kí ó máa lò ó, kí ó sì máa ké sí wọn níbi tó bá ti ń jò, lẹ́yìn náà ni ojúlówó yóò jáde fún tọmọdé tàgbà. Ètò náà mọ́gbọ́n dání. Ṣùgbọ́n ta ni í dájọ́ pé ó tó?

Ọjọ́ 1 oṣù kẹrin ọdún 2004 ni Google gbé Gmail jáde. Ààyè gígábáìtì 1 tí wọ́n ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́, nígbà tí Hotmail ń fúnni ní mẹ́gábáìtì 2 péré, mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé àwàdà ọjọ́ náà ni. Ẹni tí a kò bá sì pè kò lè wọlé. Àkọlé «bẹ́tà» kò kúrò lábẹ́ orúkọ rẹ̀ títí di oṣù keje ọdún 2009, nígbà tí àìmọye ènìyàn ti fi ìwé iṣẹ́, ìwé ìfẹ́ àti ìwé ikú ránṣẹ́ nínú rẹ̀.

Ibi tí mo ti ń ro èyí ni baba mi ti já wọ inú ọ̀rọ̀ náà láìkanlẹ̀kùn. Nígbà tí a kó wọ ilé tí ó kọ́, a kò tíì rẹ́ ògiri, pákó la sì fi dí ojú fèrèsé. Ọdún gorí ọdún, a rẹ́ ẹ, a kùn ún, a dá àjà sí i, àwa ọmọ gbó sínú rẹ̀, síbẹ̀, bí àwọn àbúrò rẹ̀ bá bèèrè pé, "Ẹ̀gbọ́n, ìgbà wo la ó wá jó ìṣílé?", Àjàní ọmọ Ọlálọmí yóò mí kanlẹ̀, yóò ní, "Ẹ ṣe sùúrù, a ṣì ń kọ́ ọ." Ìyá mi a kàn rọra rẹ́rìn-ín. Ó mọ̀ pé ọjọ́ tí baba bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ilé parí ni màlúù àti ìlù ìṣílé di gbèsè sí i lọ́rùn, àti pé láti ọjọ́ náà, òjò tó bá jò sí àlejò lára ti di ẹ̀bi onílé.

Èmi náà wá padà wo ọdún 2009 yẹn. Google fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́: àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá kò fẹ́ gbé òwò wọn lé ohun tí orúkọ rẹ̀ ń dún bí ohun tí a ṣì ń dán wò. Àwọn tó ń sanwó nìyẹn. Bí ọwọ́ ẹni kò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í bèèrè ikú tó pa baba ẹni. Àwa tí à ń lò ó lọ́fẹ̀ẹ́ kò rí èèkù kankan dì mú, ìdí nìyí tí ẹnikẹ́ni kò fi kánjú láti ṣèlérí fún wa. Nígbà tí ọwọ́ àwọn kan tẹ̀ ẹ́, iṣẹ́ parí lọ́jọ́ kan ṣoṣo, àti Gmail, àti Calendar, àti Docs, àti Talk, bí ẹni pé òru kan náà ni gbogbo wọn dàgbà. Nítorí náà, bí mo bá rí «bẹ́tà» nísinsìnyí, n kì í wá ohun tó kù sára iṣẹ́ náà mọ́. Ẹni tí onílé ń sá fún ni mò ń wá.

Wọ́n tilẹ̀ fi bọ́tìnì kan sílẹ̀ nígbà náà, pé ẹni tí àárò àkọlé náà bá ń sọ lè tẹ̀ ẹ́, kí «bẹ́tà» padà sójú ti tirẹ̀, láìjẹ́ pé ohunkóhun mìíràn yí padà. Baba mi ìbá ní kí wọ́n bá òun kan irú rẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà.