Àwo Tí Ọwọ́ Wa Fọ́

Ọ̀sẹ̀ kan kì í kọjá kí ẹnì kan ní àdúgbò wa ní Ṣómólú má bi wá léèrè ohun tí akọ̀wé, tí í tún ṣe olùkọ́ ìjọ ní ọjọ́ Ìsinmi, ń fi àpótí mọ́kànlá tí ó kún fún àwo orin àtijọ́ ṣe nínú ilé. Àwọn mìíràn a máa fi ẹ̀rín bèèrè. Àwọn mìíràn tí wọ́n ti gbọ́ fèrè jáàsì láti ojú fèrèsé wa ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé kì í rẹ́rìn-ín rárá; wọn a ní orin ayé kò yẹ ilé ẹni tí ń ka Ẹ̀kọ́ fún ìjọ. Ọjọ́ ti pẹ́ tí a ti ń fi àwàdà dá wọn lóhùn. Lónìí a fẹ́ dá wọn lóhùn ní òtítọ́, bí ìdáhùn náà kò tilẹ̀ bu iyì kún wa, nítorí ẹ̀ṣẹ̀ ọwọ́ wa ni ó ti bẹ̀rẹ̀.

Akọ̀wé ni baba wa náà í ṣe, ní iṣẹ́ Rélùwéè ní Èbúté-Mẹ́ta, ilé wa sì wà ní ẹ̀yìn Fadéyí. Ní ìgbà èwe rẹ̀, ojú ọ̀nà Ìkòròdú ni Bobby Benson kọ́ ilé ijó rẹ̀, Caban Bamboo, sí. Ọmọ Ìkòròdú ni Bobby Benson. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni ó dá ẹgbẹ́ Jam Session Orchestra sílẹ̀, jáàsì sì wà nínú ohun tí wọ́n ń lù kí háíláìfù tó sọ ọ́ di ẹni tí gbogbo ìlú mọ̀. Owó oṣù baba wa kò tó ohun tí a fi ń wọ irú ilé bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo. Etí ọ̀nà ni ó sábà máa ń dúró sí. Nígbà tí Louis Armstrong, àgbà afunfèrè ilẹ̀ Amẹ́ríkà, wá sí Èkó ní ọdún 1960, ìta náà ni baba wa wà, ọmọ ọdún méjìlélógún, tí ó tẹ́ etí sí ohun tí afẹ́fẹ́ bá gbé kọjá ògiri. Láti ìgbà náà, owó tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń mu ọtí ni òun fi ń ra àwo.

Bí Sátidé bá ti di ìrọ̀lẹ́, yóò ṣí ẹ̀rọ gramafóònù rẹ̀, èyí tí a ń fi ọwọ́ yí. Ẹ̀rọ náà kò bèèrè iná mànàmáná lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, nítorí náà bí gbogbo òpópónà bá ṣókùnkùn, ilé wa a máa kọrin síbẹ̀. Yóò fi aṣọ rírọ̀ nu àwo, yóò pààrọ̀ abẹ́rẹ́, nítorí abẹ́rẹ́ irin tí ó ti kú a máa jẹ ojú àwo. Ìgbà 78 ni irú àwo bẹ́ẹ̀ ń yí ní ìṣẹ́jú kan, orin ojú kan kò sì ju bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Baba wa a máa wí pé ohun tí yóò tán kíá ni à ń fetí sí dáadáa. Ní ìsàlẹ̀ àpótí rẹ̀, àwo méjì wà nínú bébà aláwọ̀ ilẹ̀, tí baba rẹ̀ gbé wá láti Abẹ́òkúta. A kò gbọ́ wọn rí. Ó ní ojú wọn ti gbó, òun sì ń fi wọ́n pamọ́.

Ní ọdún 1993, àwa pẹ̀lú di ọmọ ọdún méjìlélógún. Ìtara gbé wa wọ̀ ní ọdún náà. Oníwàásù kan sọ fún àwa ọ̀dọ́ pé ẹnikẹ́ni tí orin ayé bá wà nínú ilé rẹ̀ ti fi àyè sílẹ̀ fún ọ̀tá. Ní ọjọ́ tí baba wa lọ síbi ìsìnkú ní Ìkòròdú, a gbé àpótí rẹ̀ lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Àwọn àwo onike kò fọ́, nítorí náà a fi ìṣó ha ojú wọn. Àwọn ti àtijọ́ ni ó fọ́. A kàn gbá wọn mọ́ ara ògiri, wọ́n sì ń fọ́ bí àwo ìjẹun. A ń kọ orin ìyìn bí a ti ń ṣe é.

Baba wa dé ní àṣálẹ́. Kò pariwo, kò gbé ọwọ́ sókè. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń ṣa àfọ́kù náà lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi rí èyí tí bébà àárín rẹ̀ kò ya. Ó nà án sí wa pé kí a kà á. Orúkọ àlùfáà ni a kà níbẹ̀: Ẹni Ọ̀wọ̀ J. J. Ransome-Kuti. Baba wa wá bèèrè jẹ́jẹ́ pé, “Ọmọ mi, ǹjẹ́ o gbọ́ ọ kí o tó fọ́ ọ?”

A dọ̀bálẹ̀, a bẹ̀bẹ̀, ó sì dáríjì wá. Ṣùgbọ́n kò ṣí gramafóònù náà mọ́ títí ó fi sùn nínú Olúwa ní ọdún 2006. Ọdún mẹ́tàlá gbáko ni ìrọ̀lẹ́ Sátidé fi dákẹ́ nínú ilé wa. Àwọn àgbà sọ pé ẹyin ni ohùn, bí ó bá bọ́, fífọ́ ní í fọ́. Ní ti àwa, ohùn ẹlòmíràn ni a jù sílẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìnkú rẹ̀ ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí wádìí ohun tí a fọ́. Ọdún 1855 ni a bí Àlùfáà Ransome-Kuti, ọdún 1930 ni ó sì kú. Ohùn orin ilẹ̀ wa ni ó fi ń kọ orin ìjọ, tí ó sì fi ń fa àwọn ará ìlú wá gbọ́ ìwàásù. Ní ọdún 1922, nígbà tí ó lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé-iṣẹ́ Zonophone gba ohùn rẹ̀ sínú àwo, orin tí ó ju 40 lọ, ní èdè Yorùbá pẹ̀lú dùùrù. Ó wà lára àwọn ohùn Yorùbá àkọ́kọ́ tí ayé fi ẹ̀rọ pamọ́. Fẹlá tí gbogbo ayé mọ̀, ẹni tí ó lọ kọ́ orin ní Trinity College of Music ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1958 tí ó sì fẹ́ràn jáàsì, ọmọ ọmọ àlùfáà yìí ni.

Jáàsì tí a ń bú ńkọ́? Nígbà tí a wádìí rẹ̀, ẹnu ọ̀nà ìjọ náà ni a bá a. Ní New Orleans, ìlú tí a bí Armstrong sí, àwọn onífèrè a máa fi orin ìjọ jẹ́jẹ́ sin òkú lọ sí itẹ́, wọn a sì fi orin ayọ̀ àti ijó padà wálé. Ta ni nínú wa ní Èkó tí irú ìsìnkú bẹ́ẹ̀ yóò ṣàjèjì sí? John Coltrane, afunfèrè sásófóònù, òjíṣẹ́ Ọlọ́run ni baba baba rẹ̀ àti baba ìyá rẹ̀. Ní December ọdún 1964 ni ó ṣe àwo A Love Supreme, ó sì kọ ọ́ sí ara rẹ̀ pé ọpẹ́ sí Ọlọ́run ni. Ó tún sọ orin kan ní “Tunji” nítorí ọ̀rẹ́ rẹ̀ Babatunde Olatunji, ọmọ Àjídò lẹ́bàá Àgbádárìgì, ẹni tí àwo ìlù rẹ̀, Drums of Passion, jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1960. Ní ilé àṣà Olatunji ní Harlem ni Coltrane ti fun fèrè ní April ọdún 1967, oṣù mẹ́ta péré kí ó tó kú. A kò wí pé gbogbo orin jáàsì ni ó yẹ ilé ìsìn, ṣùgbọ́n a ti dájọ́ fún ẹni tí a kò pè wá sí ẹjọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni a di ẹni tí ń wá àwo kiri. Ṣómólú ni ìlú àwọn atẹ̀wé, àwọn tí ń ra àlòkù bébà sì ń wọ ilé púpọ̀. Àwọn ni ó ń sọ ibi tí ẹbí kan ti ń palẹ̀ ẹrù òkú mọ́ fún wa. Àwọn ọmọ tí ń ti ọmọlanke kiri Bàrígà láti ra irin kóńdẹ̀mù mọ ohùn wa nísinsìnyí. A ti kọ́ ọgbọ́n nípa àṣìṣe. Àwo àtijọ́ àkọ́kọ́ tí a rà, sípíríìtì ni a fi nù ún, ojú rẹ̀ sì yọ́, nítorí oje tí kòkòrò kan ń ṣe sára igi ní Íńdíà ni a fi ń ṣe é, sípíríìtì a sì máa tú oje náà. Omi díẹ̀, ọṣẹ fẹ́ẹ́rẹ́ àti aṣọ rírọ̀ ti tó. A kì í tò wọ́n léra bí amọ̀. A máa ń dá wọn dúró bí ìwé, kúrò nínú oòrùn. Ẹni tí ó bá sì ń gbé ibi tí omi ọ̀sà ti ń yọ wọlé ní ìgbà òjò, bí apá kan Bàrígà, kò gbọdọ̀ gbé wọn sí ilẹ̀.

Àwo àlùfáà náà ni a kò rí. Ọdún mẹ́rìnlá kọjá. Nígbà náà ni màmá arúgbó kan, tí ilé rẹ̀ kò jìnnà sí CMS Grammar School tí ó kó wá sí Bàrígà ní ọdún 1959, ránṣẹ́ sí wa pé òun ní àwo kan, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ òun ti bàjẹ́ láti nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún. A gbé gramafóònù baba wa lọ. Àwo náà ti sán láti etí dé àárín. Bí ó ti ń yí, ó ń kan abẹ́rẹ́, kò, kò, kò, bí ẹni tí ń kan ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n lábẹ́ rẹ̀ ni ohùn ọkùnrin kan ti ń jáde wá, ohùn tí a gbà sílẹ̀ kí a tó bí baba wa. Màmá dìde, ó di ẹ̀yìn àga mú, ó sì bá a kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

A bẹ̀ ẹ́ pé kí ó tà á fún wa. Ó ní, “Rárá o, ọmọ mi. Ìyá mi ni ó fún mi. Ẹ máa gbé ẹ̀rọ yín wá, kí a jọ máa gbọ́ ọ.” Ọmọ wa obìnrin gba àyè lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi fóònù gba orin náà sílẹ̀. Nígbà tí ó gbé e padà sí etí màmá, màmá rẹ́rìn-ín pé fóònù náà gba sísán rẹ̀ pẹ̀lú. Láti ìgbà náà, ní Sátidé àkọ́kọ́ oṣù, Bàrígà ni a ń lọ.

Èyí ni ìdáhùn wa fún ẹni tí ń bèèrè. Àfọ́kù tí baba wa nà sí wa ṣì wà nínú àpótí kìíní, nínú bébà aláwọ̀ ilẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ní àgbà nínú ilé, ẹ wo abẹ́ ibùsùn wọn kí ẹ tó pe ọlọ́mọlanke. Bí ẹ bá rí àwo níbẹ̀, kí ẹ tó sọ pé ìdọ̀tí ni tàbí pé ti ayé ni, ẹ bi ẹni tí ó ni ín léèrè, kí ẹ sì jókòó gbọ́ ọ. Ìṣẹ́jú mẹ́ta péré ni yóò gbà yín.