Ìró Ẹtù Màámi: Ìrìn-àjò sí Ọ̀yọ́ àti Under G Nítorí Ìwé Ìrántí

Mo fẹ́ kí ẹ bá mi rin ìrìn-àjò kan láti Ìbàdàn dé Ọ̀yọ́, kí a sì ti Ọ̀yọ́ dé àdúgbò kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Under G. Ẹrù tí mo gbé kò pọ̀. Ìró ẹtù kan ṣoṣo ni, tí mo ká sínú àpò ọ̀rá. Ti ìyá mi tó ti di olóògbé ni.

Ó ṣeé ṣe kí àwọn tó kéré nínú yín máà tíì ní ẹtù. Aṣọ òkè aláró ni, ó dú bí òru, àwọn ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ sì là á kọjá bí ìyẹ́ ẹyẹ ẹtù tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Òun àti sányán tí wọ́n ń fi òwú kòkòrò inú igbó hun, àti àlàárì pupa, ni àwọn àgbà kà sí ọlọ́lá jù lọ nínú aṣọ òkè. Ọdún mẹ́rin ni ti ìyá mi fi wà nínú àpótí lẹ́yìn tí a sin ín. Ní ọjọ́ tí mo ṣí àpótí náà, kòkòrò ti bá a ṣeré. Etí aṣọ méjèèjì dára, ṣùgbọ́n àárín rẹ̀ ti lu bí ajere.

Mo jókòó ti àpótí náà pẹ́. Olùkọ́ ìmọ̀ ìtọ́jú ilé ni mí. Ọdọọdún ni mo ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé àgékù aṣọ kì í ṣe ìdọ̀tí. Ẹ wá wo ohun tó dé bá mi. Mo rántí ọ̀dọ́bìnrin kan tí mo kọ́ nígbà kan rí, tó ti di ìyàwó àti ìyá báyìí ní Ògbómọ̀ṣọ́, tó ń fi àgékù aṣọ àti ìwé ṣe ìwé ìrántí aláṣọ tó dára púpọ̀. Mo ní kí n gbé ìró náà tọ̀ ọ́ lọ, kí ó fi ṣe ìwé fún èmi àti àwọn ọmọ mi. Mo kọ́kọ́ tẹ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin láago, nítorí pé àgbà ni, kò sì yẹ kí n dá irú rẹ̀ ṣe. Ó dákẹ́ títí mo fi rò pé ìlà ti já. Lẹ́yìn náà ó ní, “Bí àlùmọ́gàjí bá kan aṣọ Màámi, má ṣe pè mí mọ́.” Ó gbé fóònù sílẹ̀.

Síbẹ̀ mo lọ. Mo tan ara mi pé mo kàn fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀ ni.

Ọ̀yọ́ ni mo kọ́kọ́ yà sí, nítorí pé ìwé tí yóò pẹ́ ń fẹ́ awọ ní ẹ̀yìn rẹ̀, ibi tí a ti ń ṣí i tí a ti ń pa á dé. Bí a bá sì ń wá awọ ní ilẹ̀ Yorùbá, Ọ̀yọ́ ni. Láti ìgbà pípẹ́ ni àwọn oníṣẹ́ awọ ti ń sin ààfin Aláàfin níbẹ̀. Àwọn ni ń ṣe tìmùtìmù, àpò, àkọ̀ idà àti ìgbànú tirà. Mo gba Akẹ̀sán kọjá, ọjà ọba tí iná jó ní oṣù kìíní ọdún 2020 tí ìjọba sì tún kọ́. Mo ra igbá fínfín kékeré kan lọ́nà, kì í ṣe pé mo nílò rẹ̀, ojú mi ni kò gbà á.

Bàbá aláwọ tí mo bá níwájú ilé rẹ̀ ń fá awọ ewúrẹ́ lórí pákó. Bí mo ti sọ pé ìwé ni mo fẹ́ lò ó fún, inú rẹ̀ dùn, ó ní bàbá bàbá òun máa ń ṣe àpò ìwé fún àwọn àáfà. Òótọ́ ni ohun tó sọ. Nínú ìwé àtijọ́ àwọn onímọ̀ Mùsùlùmí ní apá Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, láti Timbuktu títí dé ilẹ̀ Haúsá, ọ̀pọ̀ ni a kò rán pọ̀ rárá. Ojú ìwé kọ̀ọ̀kan dá wà lọ́tọ̀, àpò awọ tó ní ìdérí ni ó so gbogbo wọn papọ̀. Bàbá fi hàn mí bí a ti ń fi ọ̀bẹ fá etí awọ láti inú kí ó lè tín-ínrín, kí ó má baà wú bí a bá ṣẹ́ ẹ po. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń ba iṣẹ́ jẹ́.

Mo bi í léèrè, bí ẹni tí kò ní ohunkóhun lọ́kàn, bóyá èèwọ̀ ni kí ọmọ gé aṣọ ìyá rẹ̀ tó ti kú. Ó wò mí, ó wo àpò ọ̀rá mi. “Ọmọ mi,” ni ó wí, “awọ tí mo ń gé yìí, ewúrẹ́ ni ó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́.” Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í fá awọ rẹ̀. N kò mọ̀ bóyá ó dá mi lóhùn tàbí kò dá mi lóhùn.

Láti Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ tó nǹkan bí àádọ́ta kìlómítà. Bí ẹ bá ń sún mọ́ Ògbómọ̀ṣọ́ ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ ó rí láfún tí wọ́n sá sórí àpáta, funfun báláú. Iṣẹ́ tí ìyá mi ṣe tó fi tọ́ wa ni láfún títà, nítorí náà n kì í lè kọjá níbẹ̀ láìwo ẹ̀yìn.

Under G wà nítòsí Yunifásítì Ládòkè Akíntọ́lá, èyí tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1990, tí a sì fi sọ orí ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó jẹ́ olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn títí wọ́n fi pa á ní oṣù kìíní ọdún 1966. Àdúgbò akẹ́kọ̀ọ́ ni. Ilé ibùgbé wọn fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn, ọ̀kadà ń sáré, alámàlà ń pe oníbàárà, jẹnẹrétọ̀ ń dún. Bí ẹ bá rí ṣọ́ọ̀bù fótókọ́pì kan, tẹ́lọ̀ ni yóò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìdí tí ọmọ mi yìí fi rí iṣẹ́ ṣe níbẹ̀ nìyẹn. Ìwé tí ẹ̀rọ bá ṣì tẹ̀, tí ojú kan rẹ̀ ṣì funfun, àwọn onífótókọ́pì a kó o fún un. Àgékù ańkárá àti àdìrẹ tí ó bọ́ sílẹ̀ lábẹ́ máṣíìnì tẹ́lọ̀, ó ń fi owó díẹ̀ rà á.

Ó kúnlẹ̀ kí mi tọmọtọmọ, ọmọ rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. “Ẹ káàbọ̀, Mà. Ẹ má wo bí ilé ṣe rí.” Yàrá kan àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni. Kí n tó jókòó ni mo ti bi í léèrè ohun tó gbé e dé ìdí iṣẹ́ yìí. Ó ní òjò ni. Ní ọdún tí ọmọ náà kò tíì pé oṣù mẹ́sàn-án, òjò wọ ilé, káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ rin, gbogbo ohun tí a kọ sí i sì parẹ́. Nígbà tí wọ́n bi í ní ilé ìwòsàn pé abẹ́rẹ́ wo ni ọmọ ti gbà, ẹkún ni ó bú sí. Ní ọ̀sẹ̀ náà gan-an ni ó rán ìwé àkọ́kọ́, tó ní àpò aṣọ nínú fún káàdì tuntun, tó sì ń kọ ohun gbogbo sí ojú ewé: ọjọ́ tí ibà dé, ìwọ̀n tí ọmọ wọ̀n, oúnjẹ tí ó gbà àti èyí tí ó tu dànù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ti ń ṣe é, nítorí pé ẹ lè ṣe é nílé. Ó ń ṣẹ́ ìwé márùn-ún papọ̀ sí méjì, ó pe èyí ní ìdì kan. Ìdì mẹ́fà ni ìwé kan, èyí tó fún wa ní ọgọ́fà ojú ewé. Ó fi òòlu lu ihò márùn-ún sí ojú ìṣẹ́po ìdì kọ̀ọ̀kan, ó fa òwú lórí àbẹ́là kí ó lè dán kí ó má sì ta kókó, ó wá ń rán ìdì kan mọ́ èkejì, tí abẹ́rẹ́ ń bọ́ sábẹ́ ojú ìránṣọ ti ìdì ìṣáájú kí ó tó padà wọlé. Irú ìránpọ̀ bẹ́ẹ̀ ti pẹ́ ní Áfíríkà. Àwọn Kristẹni Íjíbítì àtijọ́ lò ó, ó sì wà ní Etiópíà títí di òní. Páálí ni ó fi ṣe èèpo ìwé, aṣọ ni ó fi bò ó.

Ohun tí ó fi ń lẹ aṣọ mọ́ páálí ni ó pa mí lẹ́rìn-ín. Láfún ni! Ó sẹ́ ẹ kúnná, ó fi omi tútù pò ó, ó ń rò ó lórí iná títí ó fi ki tí ó sì ń dán. Àwọn aláró tó ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ ń fi ẹ̀kọ láfún ya ọnà sára aṣọ kí aró má lè wọ ibẹ̀; níhìn-ín, òun ni ó ń so aṣọ pọ̀ mọ́ ìwé. Ẹ jẹ́ kí ó ki o. Bí ó bá ṣàn, yóò là sí ojú aṣọ, yóò sì fi àmì sílẹ̀. Ẹ fi pákó wúwo tẹ ìwé náà mọ́lẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí ẹ sì jẹ́ kí ó gbẹ dénú, nítorí pé aáyán fẹ́ràn láfún ju àwa lọ. Ewé dóńgóyárò gbígbẹ nínú àpótí dára. Èmi tí mo ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ yìí kò fi sí àpótí ìyá mi.

Mo ṣàkíyèsí pé kì í da ìwé tó ti bàjẹ́ pátápátá nù. Ó ń lẹ̀ wọ́n mọ́ra, ó fi wọ́n ki inú èèpo ìwé kí ó lè le. Mo sọ fún un pé ó ní ẹlẹgbẹ́. Ní ọdún 1945, àwọn àgbẹ̀ rí ìkòkò kan nítòsí Nag Hammadi ní Íjíbítì, àwọn ìwé tí a fi awọ bò sì wà nínú rẹ̀, tó ti lé ní ẹgbẹ̀jọ ọdún. Nígbà tí àwọn onímọ̀ tú èèpo wọn, wọ́n bá lẹ́tà àti ìwé owó àtijọ́ tí a fi ki inú rẹ̀. Ọjọ́ tí a kọ sára àkísà ìwé wọ̀nyẹn wà lára ohun tí wọ́n fi mọ ìgbà tí a ṣe ìwé náà. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, àwọn onímọ̀ ọjọ́ iwájú yóò ka ìdánwò físíìsì àwọn ọmọ Under G dáadáa.

Ní Ìbàdàn, Akínpẹ̀lú Ọbíṣẹ̀san, ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, kọ ìṣẹ̀lẹ̀ ojoojúmọ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún láàárín ọ̀rúndún tó kọjá, gbèsè rẹ̀ àti ìbànújẹ́ rẹ̀ wà níbẹ̀, àwọn ìwé náà sì wà ní ilé ìkàwé Yunifásítì Ìbàdàn. Ìyá mi kò mọ̀wé kọ. Aṣọ ni ó fi ń ka ọdún. Aṣọ tí a fi sọ lágbájá lórúkọ, aṣọ tí a fi sin ìyá ọkọ. Bí aṣọ bá ti lu, ta ni yóò kà á?

Mo tú àpò ọ̀rá mi. Mo ní kí ó bá mi gé e. Ó tẹ́ ìró náà sílẹ̀, ó yí i po, ó fi ọwọ́ tọ́ ojú ìránpọ̀ rẹ̀. “Ẹ má gé e, Mà,” ni ó wí jẹ́jẹ́. “Ẹ jẹ́ kí a tú u.”

Ojú tì mí. Èmi olùkọ́! Ẹ̀yin náà mọ̀ pé aṣọ òkè kì í ṣe odindi aṣọ kan. Aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni, tí a rán mọ́ra. Mẹ́rìnlá ni ó wà lára ìró náà, márùn-ún tó wà láàárín sì ni kòkòrò jẹ. A fi òòlu tú òwú wọn títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú. A rán mẹ́sàn-án tó kù papọ̀, wọ́n di ìpèlé tó péye. Nínú márùn-ún tó lu ni a ti wá ibi tó ṣì dára gé, tó sì tó èèpo ìwé mẹ́ta, tí a fi awọ Ọ̀yọ́ há ní ẹ̀yìn.

Mo bẹ̀rẹ̀ ìwé tèmi ní alẹ́ ọjọ́ náà lábẹ́ àtùpà. Mo kọ ọ́ sí ojú ewé àkọ́kọ́ pé: ẹtù yìí ni ìyá mi fi ṣe ìgbéyàwó. Lẹ́yìn náà mo pe ẹ̀gbọ́n mi. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, títí kan ohun tí mo kọ.

“Irọ́ ni,” ni ẹ̀gbọ́n mi wí. Ohùn rẹ̀ kò le. “Ẹtù ìgbéyàwó Màámi, ó tà á ní ọdún tí o wọ girama. Ìwọ ni ó tà á fún. Eléyìí, èmi ni mo rà á fún un, owó oṣù mi àkọ́kọ́. Ó ní kí n má sọ fún ọ.”

N kò mọ ohun tí mo lè wí. Mo ṣáà ń wí pé, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú.” Ó béèrè bí ìpèlé náà ti rí. Mo sọ fún un. Ó ní kí n mú un wá bí mo bá ń bọ̀ ní ọjọ́ Sátidé, pẹ̀lú ìwé kan, kí n sì ra bírò tí ń kọ dáadáa, nítorí pé ohun tí òun fẹ́ kí n bá òun kọ síbẹ̀ pọ̀.

Mo fi ìlà kan fa ohun tí mo kọ́kọ́ kọ, n kò pa á rẹ́. Mo ṣí ojú ewé kejì.