Ọ̀pọ̀lọ́ Tó Ń Jẹ́ Ẹ̀bà

Ẹ̀yin tí ẹ ti bá mi jókòó ní kíláàsì mọ̀ pé ẹranko tí kì í sáré ni mo fẹ́ràn. Nínú gbogbo wọn, n kò tíì rí èyí tó dà bí ọ̀pọ̀lọ́ oníwo ti Gúúsù Amẹ́ríkà, tí ìwé wa ń pè ní Ceratophrys. Àwọn àgbà ní ọ̀pọ̀lọ́ kì í sáré ọ̀sán lásán. Èyí kì í sáré ọ̀sán, kì í sì í sáré òru. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló fi ń gbẹ́ ilẹ̀, yóò máa fẹ̀yìn wọlé díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi ku ojú àti ẹnu nìkan níta, yóò wá máa retí. Ìwo tí wọ́n ń sọ kì í ṣe egungun, awọ rírọ̀ tó ṣù sókè lórí ìpéǹpéjú ni, ó sì ń jẹ́ kí ojú rẹ̀ jọ ewé tó já bọ́. Nígbà mìíràn á gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn sókè, á máa mi ọmọ ìka bí ẹni pé ekòló ni, kí ẹran kékeré tó wà nítòsí lè wá wò ó. Ẹni tó bá wá wò ó kì í padà sílé.

Ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó ara rẹ̀. Ní 2014, Thomas Kleinteich àti Stanislav Gorb ní Jámánì wọn bí ahọ́n rẹ̀ ṣe ń lẹ̀ mọ́ nǹkan, wọ́n sì rí i pé agbára rẹ̀ ju ìwọ̀n ara ọ̀pọ̀lọ́ náà fúnra rẹ̀ lọ. Ní 2017, àwọn mìíràn wọn bó ṣe ń gé nǹkan jẹ: èyí tí orí rẹ̀ fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 4.5 ń fi agbára bíi newton 30 di ẹran mú. Ọmọ rẹ̀ tó ṣì ń gbé inú omi pàápàá, ẹran ló ń jẹ, títí kan ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ ẹlòmíràn.

Inú ìwé ni mo ti mọ gbogbo èyí kí n tó mọ Ẹ̀bà. Ọmọ àǹtí mi, àbúrò ìyá mi tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, ló ni ín. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni. Ó ní bí ọ̀pọ̀lọ́ náà ṣe ṣù jókòó nínú àpótí gíláàsì, ẹ̀bà tí wọ́n ṣù sínú abọ́ ló jọ. Àǹtí mi kò fẹ́ rí i sójú. Àwọn náà ló bi mí nígbà tí mo wọ yunifásítì pé, "Ṣé torí kí o lè lọ máa wo ọ̀pọ̀lọ́ ni màmá rẹ ṣe ń ta aṣọ ní Gbági?" N kò fèsì. Ẹ̀yin náà ti gbọ́ irú rẹ̀ nílé.

Kérésìmesì tó kọjá, wọ́n wá sílé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ẹni tí wọ́n fi àpótí náà sí lọ́wọ́ kò bu omi sí i. Nígbà tí wọ́n padà, ilẹ̀ inú rẹ̀ ti gbẹ táútáú, Ẹ̀bà ti le bí awọ bàtà, nǹkan sì ti bo ojú rẹ̀. Ọmọ náà pè mí lórí WhatsApp, ẹkún ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Mo gbọ́ ohùn àǹtí mi lẹ́yìn rẹ̀ pé kó gbé òkú nǹkan náà síta, pé ọ̀la ni àwọn tó ń kó ilẹ̀ ń bọ̀.

Mo ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì gbé e. Ẹ sún fóònù mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀." A wò ó títí. Ojú mi ti ń rò ó pé bóyá ó ti pẹ́ jù, kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó wú fẹ́ẹ́rẹ́, ó tún rọlẹ̀.

Ní àwọn pápá Ajẹntínà àti Paraguay tí irú rẹ̀ ti wá, òjò lè dá fún oṣù púpọ̀. Ọ̀pọ̀lọ́ náà á wọlẹ̀ lọ, á máa bọ́ awọ láìbọ́ ọ kúrò lára, ìpele lórí ìpele, títí yóò fi di bí ìgbà tí a fi ewé wé ẹ̀kọ. Ihò imú nìkan ni kò ní dí. Omi ara rẹ̀ á dúró sínú, yóò sì sùn di ìgbà òjò.

Mo ní kí wọ́n bu omi inú ike tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ sínú abọ́ pẹrẹsẹ, kó má dé ihò imú rẹ̀. Omi ẹ̀rọ tí wọ́n fi kẹ́míkà sí kò dára, nítorí awọ ikùn ló fi ń mu omi, ohun tó bá sì wà nínú omi ló ń bá a wọlé. Lọ́jọ́ kejì, fídíò dé. Àǹtí mi fúnra wọn ló yà á. Ẹ̀bà ń yán, ó ń fi ọwọ́ fa awọ náà kúrò lórí, ó ń gbé e mì, wọ́n sì ń pariwo pé, "Ó ń jẹ aṣọ ara rẹ̀ o!"

Ó wá ku ọ̀rọ̀ oúnjẹ. Ẹni tó tà á fún wọn ní kí wọ́n máa fún un ní ọmọ eku lójoojúmọ́. Ìmọ̀ràn olówò nìyẹn. Ẹranko tó ń jókòó retí ẹran kò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ oúnjẹ. Gbogbo ohun tó bá kọjá ló ń gbé mì, ọ̀rá á kún ara rẹ̀, á lè dé ẹyinjú kó sì bò ó fúnfun. Èyí tó ti dàgbà, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tó o: ekòló, ìrẹ̀ tí a fi àtíkè kálíṣíọ̀mù rá. Bí kálíṣíọ̀mù bá wọ́n, egungun párì á rọ̀. Bí fítámì A bá wọ́n, ahọ́n tí mo ń yìn lẹ́ẹ̀kan kò ní lẹ̀ mọ́ nǹkan mọ́. Mo ní kí wọ́n kó òkúta wẹ́wẹ́ inú àpótí náà dànù pẹ̀lú, torí ó lè gbé e mì mọ́ ìrẹ̀, kó dí ìfun rẹ̀.

N kò bá àǹtí mi wí fún ìbẹ̀rù wọn. Ní Ajẹntínà níbi tí wọ́n ti ń pè é ní escuerzo, ọ̀pọ̀ gbà pé ó lóró, wọ́n sì ń pa á níbi tí wọ́n bá ti rí i, bẹ́ẹ̀ kò lóró kankan. Leopoldo Lugones kọ ìtàn ẹlẹ́rù kan nípa rẹ̀ nínú ìwé tó jáde ní 1906. Oko tó ń gba pápá ibẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ tún wà níbẹ̀.

Lọ́jọọjọ́ Àìkú ni wọ́n ń gbé Ẹ̀bà lé òṣùwọ̀n ìdáná báyìí, wọ́n á fi nọ́ńbà rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ti ọ̀sẹ̀ yìí, ìbéèrè ló bá a dé: "Dókítà ọ̀pọ̀lọ́, ìrẹ̀ mélòó ni kí n rà?"